Páàdì Kọ́ Ló Jẹ̀bi: Ọ̀rọ̀ Lórí Bíréèkì Pijó Àtijọ́

Àwọn tó ṣì ní Pijó 504 nílé ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí, pẹ̀lú gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ tó ti dàgbà tí kò sì ṣeé tà, ìbáà jẹ́ Ìjàpá Volkswagen, ìbáà jẹ́ Datsun tí bàbá fi sílẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ẹ pọ̀ níta. Ọkọ̀ tí wọ́n fi gbé ìyàwó wálé, tí wọ́n tún fi gbé àkọ́bí kúrò nílé ìgbẹ̀bí, a kì í dédé tì í lé àwọn tó ń ra irin àlòkù lọ́wọ́ torí pé ó ti pẹ́. N ò ní bá yín jà lórí ìyẹn. Bíréèkì rẹ̀ ni mo bá wá.

Ilẹ̀ Faransé ni 504 ti kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1968. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun ni àwọn oníròyìn ọkọ̀ ní Yúróòpù dìbò fún pé ó ta yọ jù lọ́dún náà. Ní 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ nílẹ̀ wa, wọ́n sì ń to 504 lọ títí ó fi kọjá ọdún 2000, nígbà tí àwọn Faransé ti dáwọ́ sàlúùnù tiwọn dúró láti 1983. Nígbà yẹn, òun ni ìjọba fi ń gbé ọ̀gá, wágọ́ọ̀nù rẹ̀ ló sì ń kó èrò láti gáréèjì dé gáréèjì káàkiri Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú un ṣe àpẹẹrẹ: mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n tinú-tẹ̀yìn kò tíì tán nílẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Àbúrò pátápátá nínú wọn ti tó bí ogún ọdún, púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀gbọ́n ti lé lógójì.

Tí bíréèkì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́, ohun tí olówó ọkọ̀ máa ń sọ fún mẹkáníìkì ni pé, “Bá mi pààrọ̀ páàdì.” Wọ́n á pààrọ̀ páàdì, owó á lọ, bíréèkì á sì tún kọ̀. A fi ètè sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Nínú ọkọ̀ àgbàlagbà, rọ́bà àti ọ́ìlì bíréèkì ni àìsàn sábà máa ń wà, páàdì kàn ń jẹ̀bi ohun tí kò ṣe ni.

Ẹ wò ó báyìí. Takisí tó ń rìn láti òwúrọ̀ dé alẹ́ máa ń jẹ páàdì, òótọ́ ni. Àmọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń fọ̀ láràárọ̀ Sátidé, tí wọ́n ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú tàbí sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, páàdì rẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó má jẹ tán. Rọ́bà kò mọ̀ pé ọkọ̀ ò jáde. Ó ń gbẹ, ó ń sán, ó ń wú níbi tó wà. Ọ́ìlì bíréèkì náà ń bàjẹ́ lọ ní tiẹ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ tí wọ́n ń kẹ́ bí ẹyin, tí kì í rìn, lè léwu ju èyí tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ lọ. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Kí la máa ń tẹ̀ nígbà tí a bá tẹ bíréèkì? Ẹsẹ̀ yín á ti irin kan wọ inú másítà sílíńdà, irin yẹn á ti písítìnì, písítìnì á ti ọ́ìlì. Ọ́ìlì kì í sún kì. Ibi tí a bá tì í sí ló ń lọ. Faransé kan tó ń jẹ́ Blaise Pascal ti ṣàlàyé ìyẹn láti nǹkan bí àádọ́ta-lé-lọ́ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé: agbára tí a bá fi ti omi tó wà nínú ohun tó pa dé, ibi gbogbo nínú rẹ̀ ló máa dé bákan náà. Ọ́ìlì á gba inú páìpù irin kọjá lábẹ́ ọkọ̀, á wá bọ́ sínú hóòsì rọ́bà, torí pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí, ó sì ń fò sókè sódò, irin kò sì lè bá a ká. Láti inú hóòsì ló ti máa wọ kálípà, níbi tí páàdì ti ń há dísìkì mọ́ra, tàbí wíìlì sílíńdà, níbi tí ṣúù ti ń tẹ dúróòmù látinú. Wágọ́ọ̀nù 504 ní dísìkì níwájú, ó ní dúróòmù lẹ́yìn. Dísìkì wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwọn sàlúùnù kan. Èyí tó wù kó jẹ́, rọ́bà ló ń dí ọ̀nà mọ́ ọ́ìlì ní gbogbo ibi tí písítìnì bá wà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ya, ẹsẹ̀ yín ló máa gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ọ́ìlì yẹn, torí ó lè pa èèyàn. DOT 3 tàbí DOT 4 ni wọ́n kọ sára agolo èyí tí a ń lò. Omi wà nínú afẹ́fẹ́, pàápàá nílẹ̀ òjò bíi tiwa, irú ọ́ìlì yìí sì máa ń fa omi náà mu. Omi náà ń gba ọmọrí ike tí ọ́ìlì wà nínú rẹ̀ wọlé, ó ń gba ara hóòsì wọlé, díẹ̀díẹ̀. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Tó bá ti mu omi dé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dán an wò, òfin gbà á láyè kó hó ní 140. Ti DOT 4 jẹ́ 230 nígbà tó bá wà ní tuntun, 155 nígbà tó bá ti mu omi. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ láti òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè pẹ̀lú èrò àti ẹrù á mọ bí páàdì ṣe ń gbóná tó. Ooru yẹn á gba ara písítìnì dé inú ọ́ìlì. Ọ́ìlì tó ti mu omi á hó, á di èéfín. Ọ́ìlì kì í sún kì, ṣùgbọ́n èéfín ń sún kì. Ẹsẹ̀ yín á kàn lọ sílẹ̀ gbọnrangandan, ọkọ̀ á sì máa sáré lọ.

Bí Ọlọ́run bá kó wọn yọ, wọ́n á dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á sinmi. Ooru á lọ, èéfín á padà di omi, bíréèkì á tún mú. Wọ́n á ní àdúrà ti gbà, wọ́n á tún gbéra. Ọpẹ́ yẹ Ọlọ́run lóòótọ́, àmọ́ bíréèkì tó lọ tó sì padà wá kò tíì sàn. Òkè tó kàn ló ń dúró dè.

Ọdún méjì-méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì, bí ọkọ̀ rìn, bí kò rìn. Ẹ ra agolo tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. Èyí tó ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì láti ọjọ́ yìí, ó ti mu omi yó. Ẹ má sì jẹ́ kó kán sára ọ̀dà ọkọ̀, yóò bó o. Àwọn awakọ̀ kan wà tó jẹ́ pé omi ọṣẹ ni wọ́n ń rọ sí i nígbà tí ọ́ìlì bá tán lọ́nà. Omi ń hó ní 100, ẹ fi ìyẹn ṣe ìṣirò. Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá rọ ọ́ sínú bíréèkì, gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ á wú, wọ́n á dí ojú ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà, bíréèkì á sì há mọ́ ọkọ̀ lẹ́sẹ̀. Fífọ̀ kò lè tún un ṣe. Gbogbo rọ́bà, láti másítà sílíńdà dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ni wọ́n máa yọ dànù.

Ní báyìí, kí ẹ tó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín bá yín wádìí. Bí pẹ́dàlì bá rọ̀ bí tìmùtìmù, tó jẹ́ pé tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta ló tó le, afẹ́fẹ́ ti wọ inú páìpù. Afẹ́fẹ́ kì í ṣàdédé wọlé o. Ibi tó gbà wọlé ni kí ẹ wá. Bí ó bá le, tí ẹ dúró lé e, tó wá ń rì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì inú ike kò dín, rọ́bà inú másítà sílíńdà ni ọ́ìlì ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ó bá le bí òkúta, tí ẹ ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ kí ọkọ̀ tó gbọ́, ẹ lọ wo agolo ńlá dúdú tó wà lẹ́yìn másítà sílíńdà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní hydrovac, àti rọ́bà tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà yẹn lásán lè sán, owó kékeré sì ni. Bí ọkọ̀ bá ń fà sí apá kan nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ kan ń mú, èkejì ò mú. Ẹ wo ẹ̀yìn táyà pẹ̀lú, níhà inú: bí ibẹ̀ bá tutù, tó ń yọ̀, wíìlì sílíńdà ń jò nìyẹn. Ṣúù tí ọ́ìlì bíréèkì bá ti rin kò wúlò mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi iná yan án kó lè gbẹ. Ẹ má gbà fún wọn.

Èyí tó máa ń da ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì láàmú ni ti hóòsì, torí ara rẹ̀ lè mọ́ lóde kí inú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé abẹ́ igi máńgòrò kan, níbi tí mẹkáníìkì àgbà kan ti gba wágọ́ọ̀nù 504 lọ́wọ́ bàbá kan. Ẹ̀dùn bàbá ni pé ẹsẹ̀ ọ̀tún níwájú ń gbóná débi tí ọwọ́ kò ṣeé fi kan rìmù. Wọ́n ti pààrọ̀ páàdì níbẹ̀ rí, wọ́n sì ti tú kálípà tì. Ọ̀gá yìí fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ó fi ọwọ́ yí i, kò yí. Ó mú sípánà, ó tú nípù kékeré tó wà lẹ́yìn kálípà díẹ̀. Ọ́ìlì tú jáde ṣàà, ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì yí gbirigbiri. Ó dé e padà, ó ní kí ọmọṣẹ́ tẹ pẹ́dàlì kó sì fi í sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tún há. Lọ́tẹ̀ yìí, orí páìpù níbi tó ti jáde lára másítà sílíńdà ló tú. Ẹsẹ̀ kò yí. A jẹ́ pé ohun tó há ọ́ìlì mọ́ kò sí lókè, ó wà nísàlẹ̀, láàárín páìpù àti kálípà. Hóòsì ni. Nígbà tó yọ ọ́ tó sì fi ayùn gé e sí méjì, inú rẹ̀ ti wú débi pé ẹyọ ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kan kò lè là á kọjá. Agbára ẹsẹ̀ lè ti ọ́ìlì gba ibẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó máa tì í padà.

“Bàbá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo máa pààrọ̀ o, ẹyọ méjì iwájú àti ẹyọ kan ẹ̀yìn.”

“Ọ̀gá, ṣebí ọ̀kan ṣoṣo ló bàjẹ́?”

“Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn, sà.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó sì sanwó. Ìmọ̀ràn tí èmi náà á gbà yín nìyẹn. Ẹ lè ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, ẹ lè ra ilẹ̀kùn tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀, n kò ní bá yín wí. Hóòsì bíréèkì tòkunbọ̀ ńkọ́? Rọ́bà tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó ti kú nílùú òyìnbó, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Kódà tuntun pàápàá, ẹ tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ kí ẹ tó sanwó. Bí ara rẹ̀ bá fi ìlà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ hàn, ó ti pẹ́ lórí igbá jù.

Nígbà tí mẹkáníìkì bá wá tú másítà sílíńdà tàbí kálípà, ẹ dúró tì í, kí ẹ sì wo ohun tó fi ń fọ̀ ọ́. Ó ti mọ́ wọn lára láti da pẹtiróò sí gbogbo nǹkan. Pẹtiróò ń mú rọ́bà bíréèkì wú, bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì bíréèkì tuntun tàbí sípíríìtì ni kó fi fọ̀ ọ́. Kó wá gbé sílíńdà sójú oòrùn, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wo inú rẹ̀. Bí ó bá ń dán, rọ́bà tuntun nìkan ló kù tó máa gbà. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́ ní kòtò-kòtò, ẹ má jẹ́ kó fi sáńpépà ha á kó ní ó ti tán. Kòtò yẹn á fa rọ́bà tuntun ya láìpẹ́. Ẹ ra òmíràn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa yọ afẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ tó jìnnà jù sí másítà sílíńdà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti yí sí wíwa ọkọ̀ lápá ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni sítíárì wà, nítorí náà ọ̀tún ẹ̀yìn ló ń ṣáájú, òsì ẹ̀yìn tẹ̀ lé e, ọ̀tún iwájú, kí wọ́n tó parí sí òsì iwájú. Bí irin tó ń wọn ẹrù láti mọ bíréèkì tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa gbà bá wà lẹ́yìn ọkọ̀ yín, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wà nílẹ̀, kó má rọ̀ lókè. Ẹni kan á wà nínú ọkọ̀, ẹnì kejì á wà lábẹ́ pẹ̀lú rọ́bà tó mọ́ gaara, tó ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò tí ọ́ìlì wà. “Tẹ̀ ẹ́!” “Mo ti tẹ̀ ẹ́.” “Dúró síbẹ̀!” Á tú nípù, ìfòfó á jáde, á dé e padà. “Fi sílẹ̀!” Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ kí nípù tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ tí ẹ lé jáde á tún wọlé. Kí ojú wà lára ike ọ́ìlì lókè pẹ̀lú, kó má gbẹ.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ mẹkáníìkì kì í rò. Nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́, ibi tí písítìnì ń dé lójoojúmọ́ nìkan ló ń dán nínú másítà sílíńdà. Ìpẹtà ti gba iwájú. Bí ọmọṣẹ́ bá wá ń tẹ pẹ́dàlì kanlẹ̀ gbìì nígbà tí wọ́n ń yọ afẹ́fẹ́, rọ́bà tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ á wọ inú ìpẹtà yẹn, á ya. Wọ́n á ní bíréèkì tó dáa lánàá ló bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Ẹ gé pákó kékeré kan, kí ẹ fi sábẹ́ pẹ́dàlì, kó má lè dé ilẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni àṣà kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ kọ̀ jálẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá ń jò, tí kò sí owó, àwọn kan á fi pùláyà ká páìpù ẹsẹ̀ yẹn pọ̀, wọ́n á dí i pa, wọ́n á ní kí ẹ máa fi mẹ́ta yòókù rìn lọ ná. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nínú bíréèkì á fa yín sọ́nà tí ẹ kò fẹ́ lọ, pàápàá lórí ilẹ̀ tó tutù, ọ̀rọ̀ “ná” yẹn sì máa ń di ọdún.

Mo fẹ́ kọjá lórí èyí kíákíá, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Asbestos wà nínú ọ̀pọ̀ páàdì àti ṣúù àtijọ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé gbogbo oríṣi rẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ fẹ́ eruku inú dúróòmù. Omi ni kí wọ́n fi rin ín, kí wọ́n fi àkísà nù ún, kí wọ́n sọ àkísà nù. Ọmọṣẹ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ọmọ ẹlòmíràn ni.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà pé bíréèkì já, ẹ má pa ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá pa á, ẹ máa pàdánù ìrànlọ́wọ́ hydrovac, sítíárì sì lè há. Ẹ tẹ pẹ́dàlì léraléra, ó lè tún kó díẹ̀ jọ. Ẹ fa jíà wálẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ́ńjìnnì lè dá ọkọ̀ dúró, ẹ fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fọn fèrè, ẹ tan iná. Ẹni tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè, jíà kejì ni kó fi sọ̀ látòkè wá, kó má dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ máa gbé ọkọ̀ yín jáde lópin ọ̀sẹ̀ yìí, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó kúrò nínú ọgbà, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì ní ìwọ̀nba, kí ẹ dúró lé e fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ó bá ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ pa ọkọ̀, ẹ tì í padà sínú gáréèjì, kí ẹ wọ takisí lọ síbi ayẹyẹ. Lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ pe mẹkáníìkì, kí ẹ sì sọ fún un pé rọ́bà àti ọ́ìlì ni kó kọ́kọ́ wò.